Wọ́n yí aago ní Lọ́ńdọ̀n, àbúrò wa pàdánù iṣẹ́ ní Ṣángíṣà

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2025 yìí, ojú ọ̀run ni gbogbo wa ń wò ní àdúgbò wa ní Ṣángíṣà. Ẹ rántí pé òpin ààwẹ̀ Ramadan ni. Ẹni tó gba ààwẹ̀ ń béèrè bóyá wọ́n ti rí oṣù, ẹni tí kò gbà á náà ń béèrè, torí ọlidé kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Nígbà tí ìkéde Sultan jáde pé ọ̀la ni Ìtúnu Ààwẹ̀, ariwo ayọ̀ sọ nínú ilé. Kíá ni ìyá onílé wa ti pín iṣẹ́: ẹni tó máa gé àlùbọ́sà, ẹni tó máa dá iná, ẹni tó máa sáré lọ Mile 12 ní kùtùkùtù lọ ra ata.

Aago Ìlú Ọba nìkan ni kò sẹ́ni tó wò. Bẹ́ẹ̀, òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n yí i. Nígbà tí aago lù kan lọ́hùn-ún, tí tiwa lù méjì, wọ́n fo odindi wákàtí kan, wọ́n bọ́ sí aago méjì, wọ́n wá bá wa dọ́gba. Àwa ti sùn.

Àbúrò kan wà nínú ilé wa tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ní kí n má dárúkọ òun. Ó kàwé ìṣirò owó, ó ti sin ìlú tán, ó sì tó ọdún méjì tó ti ń wá irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ yín ń wá: èyí tí èèyàn á jókòó sí Kétu, tí á máa gba pọ́n-ùn. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba ti pè é sí intafíù lẹ́ẹ̀mejì, àkọ́kọ́ lóṣù Kejì, èkejì láàárín oṣù Kẹta. Ìgbà méjèèjì, aago mẹ́wàá àárọ̀ "UK time" ni wọ́n kọ sínú ímeèlì. Ìgbà méjèèjì, aago mọ́kànlá ni lọ́dọ̀ wa. Ó ti há a sórí. Ẹ̀kẹta, tí í ṣe àṣekágbá, wá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 31. Ọlidé ọdún ni, ìlú pa rọ́rọ́, kò sí ariwo kọ́ńdọ́. Ó ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, ó yá ṣáàtì funfun mi, ó wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ rẹ̀ (Zoom kì í rí ìsàlẹ̀), ó sì wọlé sórí ẹ̀rọ nígbà tí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Nígbà tó di mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó kan ilẹ̀kùn mi. "Brọ̀dá, ẹ má bínú, aago mélòó ni fóònù yín wí?" Mo sọ fún un. "Ohun tí tèmi náà wí nìyẹn." Dátà rẹ̀ ṣì wà, jẹnẹrétọ̀ ń dún, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ò dákú. Ó ní bóyá àwọn òyìnbó ló pẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, torí mi ò tíì rí òyìnbó tó pẹ́ dé intafíù. Èmi ni mo tẹ ìbéèrè sórí Google: aago mélòó ló lù ní Lọ́ńdọ̀n? Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Bíi tiwa gẹ́lẹ́. Wọ́n ti dúró dè é, ó ti sú wọn, wọ́n ti lọ. Abọ́ ìrẹsì àti ẹran tí ìyá onílé bù fún un wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ títí tó fi tutù.

Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni èsì dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì ti mú ẹlòmíràn.

Mo kàwé òfin, nítorí náà ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni: ta la lè mú? Kò sẹ́ni tá a lè mú. Wọ́n ní UK time, UK time náà ni. Wọn ò purọ́, wọn ò yẹ àdéhùn. Aago ló yẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kàn, báyìí ló ṣe rí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, Ìlú Ọba àti gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú European Union á sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á tún fà á sẹ́yìn. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún tiwọn síwájú, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Àwa kì í sún ibì kan. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé wákàtí mẹ́fà ni a fi ń ṣáájú New York nígbà òtútù wọn, tó sì ń di márùn-ún nígbà ooru. Ẹni tó ní ọ̀gá ní New York tó tún ní oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀n, ìgbà mẹ́rin lọ́dún ni ètò iṣẹ́ rẹ̀ ń dàrú, láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan aago ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà lóru ní Ìkẹjà mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù Premier League náà mọ̀ ọ́n: eré aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́hùn-ún, mẹ́ta ni lọ́dọ̀ wa lóṣù Kẹsàn-án, mẹ́rin ni lóṣù Kejìlá.

Ta ló kó wa sí i? Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ pariwo ẹ̀ ni William Willett, akọ́lé kan ní England. Akọ́lé ni mo wí o, mi ò pè é ní kólékólé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí kan ló jí nínú ilé wa lóṣù Kẹta. Lọ́dún 1907 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó fi ń bínú pé àwọn èèyàn ń sùn nígbà tí oòrùn ti yọ, wọ́n sì ń tan iná lálẹ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa sún aago síwájú ní ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Àìkú mẹ́rin nínú oṣù Kẹrin. Ó kú lọ́dún 1915, kò fojú rí i. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde: Jámánì yí aago rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1916 kí wọ́n lè fi èédú pamọ́, Ìlú Ọba sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, àròjinlẹ̀ wà nínú ẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Lọ́ńdọ̀n ń rí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ fún bíi wákàtí 16 ààbọ̀ nínú oṣù Kẹfà, nígbà tó bá di oṣù Kejìlá kì í tó 8. Lọ́dọ̀ wa ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà òjò, oòrùn wa ń yọ láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje tàbí díẹ̀ lé, ó sì parí. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tí a fẹ́ fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé aago tiwa ò mì rí. Èyí ya èmi gan-an lẹ́nu. Láyé amúnisìn, láàárín ọdún mẹ́rìnlá péré, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n yí aago Èkó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1905, wọ́n fi wá sórí aago Greenwich. Lọ́dún 1908 wọ́n dá wa padà sórí oòrùn ara wa, tó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ṣáájú Greenwich. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914, ọjọ́ kan náà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919, wọ́n sọ ọ́ di odindi wákàtí kan. Ibẹ̀ la wà látìgbà náà. Ògún ọ̀kẹ́ ìjọba ti dé, wọ́n ti lọ, ológun àti alágbádá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí ìjọba Nàìjíríà fi sílẹ̀ bó ṣe wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé mẹ́fà, tí kò sì bàjẹ́! Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́.

Àwọn ará Gánà nìkan ni wọ́n jẹ́ ká rí bó ṣe máa ń rí nítòsí wa. Nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ Gold Coast, ní àwọn ọdún kan láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án títí di òpin ọdún. Mélòó? Ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fojú inú wò ó, kí èèyàn wà ní Accra kó máa ṣàlàyé fún ará Èkó pé ogójì ìṣẹ́jú ló kù ká bá ara wa. Wọ́n ti pa á tì tipẹ́. Ohun tó kù láàárín àwa àti wọn ni wákàtí kan tí kì í yí, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì gba Sẹ̀mẹ́ lọ Lomé mọ̀: Kútọnu bá wa dọ́gba, àmọ́ bí o bá ti sọdá Hilla-Condji sí ilẹ̀ Tógò, o jèrè wákàtí kan. Àwọn ìbátan wa ní Atakpamé, aago Accra ni wọ́n ń lò. Kò dá ìjà sílẹ̀ rí, torí ẹni tó bá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ ọ títí ayé.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Aago yàtọ̀ sí aago kì í ṣe wàhálà. Wàhálà ni pé kí ìyàtọ̀ náà máa rìn.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, Curtis v March, ọdún 1858. Ní ìlú Dorchester ni, ẹjọ́ ilẹ̀ (ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ja ìjà ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ní Ṣángíṣà àti Mágódò nìkan). Aago kóòtù lù mẹ́wàá, adájọ́ jókòó, olùjẹ́jọ́ ò sí níbẹ̀, adájọ́ dá a lẹ́bi. Kò pẹ́ ni ọkùnrin náà wọlé, ó ní aago mẹ́wàá ò tíì lù, ẹ lọ wo aago ìlú. Òtítọ́ ló sọ. Aago kóòtù ń tẹ̀lé Greenwich, aago ìlú ń tẹ̀lé oòrùn Dorchester, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn. Ilé ẹjọ́ gíga dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́: aago mẹ́wàá níbì kan ni aago mẹ́wàá ti ibẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá sọ ohun mìíràn. Ọdún 1880 ni ilé aṣòfin wọn tó fi òfin so gbogbo ìlú mọ́ Greenwich. Mo máa ń rò ó pé, ká ní adájọ́ ọdún 1858 yẹn ló gbọ́ ẹjọ́ àbúrò wa, bóyá wọ́n á tún intafíù náà ṣe.

Àwọn tó ni aago náà fúnra wọn, ó ti sú wọn. Lọ́dún 2018, European Commission béèrè lọ́wọ́ ará ìlú bóyá kí wọ́n yé yí i. Mílíọ̀nù 4.6 èèyàn ló dáhùn, àwọn ará Jámánì nìkan lé ní mílíọ̀nù 3, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé aṣòfin wọn dìbò: 410 ní kó dópin lọ́dún 2021, 192 ní rárá. Ọdún 2021 kọjá. Àwọn ìjọba kọ̀ọ̀kan ò fẹnu kò lórí aago wo ni wọ́n máa dúró lé, ìwé náà sì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Ní Amẹ́ríkà, ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí òfin kan ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2022 pé kí wọ́n máa wà lórí aago ìgbà ooru tọdún tọdún. Ẹnì kankan ò tako ó lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé ilé aṣojú, ó kú síbẹ̀.

Nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, àwọn kan ti ṣe é. Namibia, tó máa ń yí aago lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti ọdún 1994, ṣòfin lọ́dún 2017, ó sì dúró sójú kan. Morocco gbà lọ́dún 2018 pé aago ìgbà ooru làwọn á máa lò, àfi nínú oṣù Ramadan tí wọ́n máa ń dá a sẹ́yìn kí alááwẹ̀ lè tètè ṣínu ní ojú aago. São Tomé tiẹ̀ yá wa lára: wọ́n bá Nàìjíríà dọ́gba ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018, nígbà tó pé ọdún kan gééré wọ́n padà sí Greenwich. Egypt ní tirẹ̀ ti pa á tì, ó tún gbé e padà lọ́dún 2023. Nítorí náà, mi ò sọ pé ó rọrùn.

Ibi tó ti wá le rèé. Gbogbo ayé fẹ́ẹ̀ gbà pé kí aago yé rìn. Sórí èwo ló máa dúró?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó máa ṣe èmi lóore. Bí Ìlú Ọba bá dúró sórí aago ìgbà ooru, wọ́n á máa bá Èkó dọ́gba títí ayé. Kò sí àbúrò tó máa pàdánù intafíù mọ́. Aago mẹ́wàá wọn, mẹ́wàá wa. Kì í sì í ṣe àlá, wọ́n ti ṣe é rí: láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1968 títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1971, Ìlú Ọba fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn bàbá wa tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀n láyé ogun abẹ́lé, aago kan náà ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn ilé. Ká ní ọdún náà làbúrò wa ṣe intafíù…

Mo ti fẹ́ fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀ nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham. Mo rò pé á bá mi pàtẹ́wọ́. "Ṣé o ti rí oṣù Kìíní níbí rí?" ló bi mí. Mo ní rárá. Ó ní oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́jọ fi ń kọjá, àti pé òkùnkùn ni òun àti ọmọ òun ń bá jáde. "O wá fẹ́ kó di aago mẹ́sàn-án? Torí Zoom?" Mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ti pè yín lórúkọ àbísọ lẹ́yìn irú ìbéèrè yẹn, ẹ jókòó.

Òun ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìtàn, torí ohun tó ba ètò ọdún 1968 jẹ́ nìyẹn. Àwọn ará Scotland, tí oòrùn wọn tún máa ń pẹ́ yọ ju ti Lọ́ńdọ̀n lọ, ni wọ́n pariwo jù. Nígbà tí ilé aṣòfin dìbò lóṣù Kejìlá ọdún 1970, 366 ní kó kásẹ̀ nílẹ̀, 81 péré ló tẹ̀lé e. Òtítọ́ ni pé àwọn tó ka iye ìjàǹbá ọkọ̀ sọ pé èyí tó dín kù lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ju èyí tó pọ̀ sí i láàárọ̀ lọ. Mo mọ̀, mi ò sì fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òfin tó ń dènà ọtí mímu wakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Amẹ́ríkà náà dán tiẹ̀ wò láti ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1974, nígbà tí epo wọ́n gógó. Ọdún méjì ló yẹ kó jẹ́. Ọkọ̀ kọlu àwọn ọmọ iléèwé nínú òkùnkùn àárọ̀ ní Florida, àwọn òbí fárígá, kó tó di òpin oṣù Kẹwàá ọdún náà wọ́n ti pa á tì nígbà òtútù.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àdúgbò tèmi. Nǹkan kan wà tí a kì í sọ: àwa gan-an ń gbé lórí aago tó ṣáájú oòrùn, láti ọdún 1919. Oòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti díẹ̀ ṣáájú Greenwich, aago wa fi ọgọ́ta ṣáájú. Ìyókù, bíi ìṣẹ́jú 46, kì í ṣe ti oòrùn, ìjọba amúnisìn ló fún wa. Nítorí náà nígbà tí aago bá lu méjìlá, tí a ní ọ̀sán gangan ti tó, kò tíì tó o. Ó di méjìlá ku díẹ̀ sí kan, lápapọ̀ ọdún, kí oòrùn tó kan àtàrí wa. Ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ bá aago wa mu gan-an kò tiẹ̀ sí ní Nàìjíríà, ó wà lẹ́yìn Maiduguri, ní ìhà Chad àti Kamẹrúùnù.

Ẹ jáde sí Kétu láago mẹ́fà àárọ̀ nínú oṣù Kìíní, ẹ máa rí ohun tí ìṣẹ́jú 46 jọ. Òkùnkùn biribiri. Iná òpópónà tàn níbì kan, kò tàn níbì kejì. Àwọn ọmọ iléèwé tí báàgì wọn fẹ́ẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ ń sọdá títì níwájú dánfó tí iná rẹ̀ kan fọ́. Obìnrin tó ń lọ Ìsàlẹ̀ Èkó di báàgì rẹ̀ mú láyà bó ṣe ń tò fún BRT. Àwọn ará Mile 12 nìkan ni wọn ò bìkítà, torí ọkọ̀ tòmátì tó ti Òkè Ọya dé kì í béèrè bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Mi ò ní dá gbogbo ẹ̀ lẹ́bi fún aago, gosíló ló ń jí ará Èkó láago mẹ́rin. Àmọ́ ẹni tó ní mọ́tò aláfẹ́fẹ́ ń kúrò nílé láago mẹ́jọ. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń pàdé òkùnkùn. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Peckham.

Nítorí náà, mo fi èrè ara mi sílẹ̀. Kí wọ́n yé yí aago, kí wọ́n sì dúró sórí ti ìgbà òtútù, èyí tó sún mọ́ oòrùn wọn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí oorun sísùn ní Amẹ́ríkà sọ ohun kan náà lọ́dún 2020, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ni ara èèyàn fi ń mọ ìgbà. Àwa á máa fi wákàtí kan ṣáájú Lọ́ńdọ̀n lójoojúmọ́, bí a ṣe ń fi wákàtí kan ṣáájú Accra, a ó sì há a sórí.

Ẹ má wá torí ohun tí mo sọ nípa Kétu ní kí Nàìjíríà náà padà sí Greenwich o. Èkó ò dá wà. Oòrùn Maiduguri ń yọ ṣáájú tiwa pẹ̀lú ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì ń tètè wọ̀. Bí a bá fà á sẹ́yìn ní wákàtí kan, lóṣù Kọkànlá oòrùn á máa wọ̀ ní Maiduguri kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Iná òpópónà àti bọ́ọ̀sì iléèwé ni ọmọ Kétu nílò, kì í ṣe aago tuntun.

Títí àwọn aṣòfin òkèèrè yóò fi rántí ìwé tí wọ́n gbé jù sílẹ̀, ìmọ̀ràn lọ́yà lọ̀fẹ́ rèé, mi ò sábà fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn tó ní "UK time" tàbí "New York time" láìjẹ́ pé ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ aago Èkó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ oṣù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá yìí, wọ́n á tún fà á sẹ́yìn. Oṣù Kẹwàá láàánú díẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, wákàtí kan ló máa fi ṣáájú wọn dé. Àbúrò wa kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó ti ra aago ògiri méjì nínú ọjà Kétu, ó kọ Èkó sábẹ́ ọ̀kan, ó kọ Lọ́ńdọ̀n sábẹ́ èkejì. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 27, ó ní intafíù mìíràn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn. Ó fi báírò pupa kọ "MẸ́WÀÁ" sára ògiri láàárín aago méjèèjì. Lálẹ́ àná ló wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n bá òun yọ ṣáàtì funfun yẹn.